Kíkọ́ Ọmọ Kékeré ní Òǹkà Gẹ̀ẹ́sì àti ti Sípáníìṣì

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kò jẹ mọ́ ọbẹ̀ sísè tàbí aṣọ rírán. Lẹ́tà kan ni ó fà á. Ìyá ọlọ́mọ méjì kan tí ó ń gbé ní ìlú Houston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó kọ ọ́. Ó ní ọmọbìnrin òun, tí yóò pé ọdún mẹ́rin láìpẹ́, ti ń ka ohunkóhun tí ó bá rí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń kà á ní èdè Sípáníìṣì pẹ̀lú, nítorí pé ará Mẹ́síkò ni obìnrin tí ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ nígbà tí òun bá lọ sí ibi iṣẹ́. Ní ọjọ́ kan, ìyá ọkọ rẹ̀ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù láti Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni. Ọmọ dáhùn pé, "Tres." Màmá àgbà dákẹ́, ó ní kí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ. Láti ọjọ́ náà ni baba ọmọ ti pàṣẹ pé kí wọ́n pa Sípáníìṣì tì, kí èdè mẹ́ta má baà da orí ọmọ rú. Ìyá ọmọ wá ń béèrè lọ́wọ́ mi pé, èwo ni kí òun mú, èwo ni kí òun jù sílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kò kan ará Houston nìkan. Ìyá tí ó wà ní Ìbàdàn tàbí ní Àkúrẹ́ lè má gbọ́ Sípáníìṣì rí, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ń bẹ nínú ilé rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí ojúlé wa níhìn-ín ni ó sì ń ka "one, two, three" kí ó tó gbọ́ "ení, èjì, ẹ̀ta" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, Faransé ni ó jókòó sí ipò Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó bá tọ́ fún ọmọ elédè mẹ́ta tọ́ fún ọmọ elédè méjì.

Ìdáhùn mi ni pé kí ó má ju ọ̀kankan nù. Ṣùgbọ́n kí ó yí ọ̀nà tí ó ń gbà kọ́ ọmọ padà díẹ̀, nítorí inú ọ̀nà náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. N ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, nítorí mo mọ̀ pé ìdáhùn lásán kò lè tẹ́ baálé ilé lọ́rùn.

Ohun méjì ni à ń pè ní kíkà. Èkíní ni kí ọmọ máa to orúkọ òǹkà tẹ̀ léra wọn bí ẹni ń kọrin. Èkejì ni kí ó mọ̀ pé orúkọ tí òun fi parí kíkà ni ó sọ iye ohun tí ó wà níwájú òun. Ọ̀pọ̀ ìyá ni inú wọn máa ń dùn sí èkíní débi pé wọn kì í béèrè èkejì. Ẹ gbé ọsàn mẹ́wàá síwájú ọmọ ọdún mẹ́ta kan tí ó lè ka dé mẹ́wàá láìkọsẹ̀, kí ẹ sì wí fún un pé, "Fún mi ní mẹ́ta." Bóyá ni kò ní jẹ́ ìwọ̀n tí ọwọ́ rẹ̀ bá gbà ni yóò bù fún yín. Ẹ má bínú, ẹ má sì rò pé ọmọ yín kò gbọ́n. Ọ̀mọ̀wé obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Karen Wynn, lo irú ìdánwò yìí nínú ìwádìí tí ó gbé jáde ní 1990 àti ní 1992. Ó rí i pé ọmọ a kọ́kọ́ mọ ìtumọ̀ ọ̀kan, yóò sì pẹ́ níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí ó tó mọ ti méjì, lẹ́yìn èyí ni ti mẹ́ta. Nígbà tí ó bá yá, láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọ̀rọ̀ náà a là sí wọn lójú, wọn a sì lè fún yín ní iyekíye tí wọ́n bá lè kà dé.

Ṣáájú rẹ̀, ní 1978, Rochel Gelman àti C. R. Gallistel ti kọ ìwé kan lórí òye tí àwọn ọmọdé ní nípa òǹkà, wọ́n sì to àwọn òfin tí kíkà dúró lé sínú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ di mẹ́ta mú nínú wọn: ohun kan ni ó ni orúkọ kan, àwọn orúkọ kì í yí ipò padà, orúkọ ìkẹyìn ni iye gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí ó bá fo ọsàn kan, tàbí tí ó ka ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì, òfin èkíní ni kò tíì di mú. Kì í ṣe pé èdè ni ó ń dà á láàmú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kan baba ọmọ nìyí. Ní 2015, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ Sípáníìṣì, tàbí Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ Faransé. Wọ́n rí i pé ìtumọ̀ àwọn òǹkà kéékèèké, láti orí ọ̀kan sí mẹ́ta, ni ọmọ ní láti kọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú èdè kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó mọ "three" lè má mọ "tres" rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí òye bí kíkà ṣe ń ṣiṣẹ́ bá ti là sí ọmọ nínú èdè kan, òye náà a máa bá a wọ inú èdè kejì. Ìyẹn ni pé ẹrù tí ó wúwo jù lọ, ẹ̀ẹ̀kan ni ọmọ ń rù ú. Èdè kejì kò tún un dì lé e lórí.

Ẹ wo ohun tí èyí sọ nípa ọmọ Houston. Kì í ṣe Sípáníìṣì ni ó lé Yorùbá jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹni kan wà tí ń fi ọ̀pọ̀tọ́ àti búrẹ́dì ka "uno, dos, tres" fún un lójoojúmọ́, ẹni kan wà tí ń kà á fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ẹni tí ó fi nǹkan kan lé e lọ́wọ́ rí kí ó sọ pé, "Ẹ̀ta nìyí." Bí wọ́n bá pa Sípáníìṣì tì lónìí, ẹ̀ta kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ wọlé lọ́la. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀ṣọ́ tí ọmọ kò bá nílé, kò yẹ kí a bi ará ìta léèrè rẹ̀.

Bí baba ọmọ bá sì tún ń bẹ̀rù pé Yorùbá yóò fa Gẹ̀ẹ́sì ọmọ sẹ́yìn, ẹ rán an létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n tilẹ̀ ta wọ́n yọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sínú òǹkà gan-an, nítorí ibẹ̀ ni adùn wà. Láti ọ̀kan dé mẹ́wàá, kò sí ọgbọ́n kan tí ó ju kí ọmọ há wọn sórí lọ: "one, two, three, four, five, six, seven, eight, nine, ten", "uno, dos, tres, cuatro, cinco, seis, siete, ocho, nueve, diez". Ẹ ó rí i pé "three" àti "tres", "six" àti "seis" jọ ara wọn. Ẹbí kan náà ni èdè méjèèjì láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọmọ á fẹ́ràn kí ẹ fi ìjọra náà hàn án. Ní ti pípè, Sípáníìṣì rọrùn fún ẹnu Yorùbá ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Fáwẹ́lì márùn-ún ni ó ní, kò sì sí èyí tí a kò ní ohun tí ó jọ ọ́. Ẹ pe "cinco" bíi "sínko", ẹ pe "nueve" bíi "nuébe", kí ẹ sì fi "s" parí "diez". Àwọn ará Sípéènì fúnra wọn máa ń ti ahọ́n sí àárín eyín bí wọ́n bá ń pe "cinco" àti "diez", ṣùgbọ́n àwọn ará Mẹ́síkò àti Cuba kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí ọmọ bá gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò rẹ̀ ni kí ó mú. "Ocho" nìkan ni ó lè fún wa ní wàhálà, nítorí "ch" inú rẹ̀ kò sí nínú Yorùbá, ọ̀pọ̀ wa a sì sọ ọ́ di "óṣo". Ọmọ kò ní bá yín ṣe àṣìṣe náà bí ó bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu onílé.

Lẹ́yìn mẹ́wàá ni ọ̀nà pín. Gẹ̀ẹ́sì fún mọ́kànlá àti méjìlá ní orúkọ tiwọn, "eleven" àti "twelve", tí ọmọ kò lè rí mẹ́wàá nínú wọn. Láti mẹ́tàlá ni ó ti ń so "teen" mọ́ wọn nídìí. Sípáníìṣì fa irú orúkọ àdáni bẹ́ẹ̀ dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, "once, doce, trece, catorce, quince", ìgbà tí ó bá di mẹ́rìndínlógún ni ó tó sọ ọ́ gbangba pé mẹ́wàá àti mẹ́fà ni, "dieciséis". Àwa ní tiwa ń fi kún ẹ̀wá láti ọ̀kànlá dé ẹ̀rìnlá, ṣùgbọ́n bí a bá ti dé ẹ̀ẹ́dógún, ogún ni a ó kọjú sí, a ó sì máa yọ kúrò lára rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe yà á sí ọ̀lẹ bí ọmọ bá ń kọsẹ̀ láàárín mọ́kànlá sí ogún. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 1995 fi àwọn ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà wé ti Amẹ́ríkà: wọn kò yàtọ̀ síra nínú kíkà dé mẹ́wàá, ṣùgbọ́n àárín mọ́kànlá sí ogún ni àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ti ń kọsẹ̀ jù wọ́n lọ, nítorí èdè Ṣáínà kàn ń sọ pé mẹ́wàá-ọ̀kan, mẹ́wàá-méjì ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ wá ìdérí ìgò ogún, kí ẹ tò wọ́n ní ìlà mẹ́rin, márùn-ún márùn-ún. Ẹ mú mẹ́rin kúrò ní ìlà ìkẹyìn. Ní Yorùbá, ẹ fi ìka tọ́ka sí àyè mẹ́rin tí ó ṣófo: ogún ni ì bá jẹ́, mẹ́rin ni ó dín, ẹ̀rìndínlógún. Ní Sípáníìṣì, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìlà méjì àkọ́kọ́: "diez" nìyí, ìyókù sì jẹ́ "seis", "dieciséis". Ní Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́fà yẹn ni a ó kọ́kọ́ dárúkọ kí a tó kan mẹ́wàá, "sixteen". Ìdérí ìgò kan náà ni, ọ̀nà mẹ́ta ni a gbà wò ó. Mo ti gbọ́ kí àwọn ọ̀mọ̀ràn máa sọ pé òǹkà Yorùbá le jù fún ọmọdé, pé ìyọkúrò inú rẹ̀ a máa da ọmọ láàmú. N kò gbà. Ọmọ tí ó bá ti fi ojú rí àyè mẹ́rin tí ó ṣófo náà ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ìyọkúrò kí olùkọ́ tó kọ ọ́ sójú pátákó.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ti kan ìyọkúrò, n kò lè fò ó pé òǹkà wa ti bá èdè Sípáníìṣì pàdé tipẹ́tipẹ́. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Cuba, níbi tí oko ẹrú kò ti parí pátápátá títí di 1886, ni wọ́n ń pè ní Lukumí. Títí di òní, "dilogún" ni orúkọ tí wọ́n ń pe owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún tí wọ́n fi ń wádìí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹnu àwọn tí Sípáníìṣì jẹ́ èdè abínibí fún ni ó sì ti ń jáde. "Dín" wà nínú rẹ̀, ogún sì wà nínú rẹ̀. Ẹ sọ èyí fún baba ọmọ bí ó bá ń jẹun lálẹ́.

Ohun mìíràn tí ó jọ wá ni bí ọ̀kan ṣe ń yí padà. Bí a bá ń kà lásán, "ení" tàbí "ọ̀kan" ni à ń wí, ṣùgbọ́n "ọsàn kan" ni à ń pe ẹyọ ọsàn. Bẹ́ẹ̀ ni èjì di méjì, tí ẹ̀ta di mẹ́ta. Sípáníìṣì ń kà pé "uno", ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan jẹ́ "un plátano", ọsàn kan sì jẹ́ "una naranja". Ẹ má ṣe kọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta ní òfin akọ àti abo. Kí ó ṣáà máa gbọ́ ọ pẹ̀lú ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kì í yí "one" padà, ìyẹn sì jẹ́ ìsinmi fún gbogbo wa.

Àwọn ibi yíyọ̀ kan wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. "Thirteen" àti "thirty" a máa dàrú mọ́ ọmọ lọ́wọ́, nítorí náà ẹ fa ìdí "thirteen" gùn. "Sesenta" jẹ́ ọgọ́ta, "setenta" jẹ́ àádọ́rin. Àgbàlagbà pàápàá a máa ṣì wọ́n gbọ́ ní ọjà. Nígbà tí ọmọ bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀wé kà, yóò rí "once" ti Sípáníìṣì, tí í ṣe mọ́kànlá, yóò sì pè é bíi ti Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì pè é ní "ónse" fún un.

Ní ti ohun èlò, ẹ má ná owó kankan. Ọpọ́n ayò sàn ju ọ̀pọ̀ ohun ìṣeré tí wọ́n ń tà lọ. Ihò méjìlá ni ó ní, ọmọ ayò mẹ́rin wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. Ọmọ tí ń fọ́n ayò, ẹyọ kan sínú ihò kan, òfin èkíní tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ ayò, ìlẹ̀kẹ̀, tàbí ìdérí ìgò. Ohun kékeré a máa há ọmọ lọ́fun, kì í sì í fúnni ní àyè láti pe aládùúgbò. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ fi ọsàn kà, ẹ fi ṣíbí kà, ẹ fi àtẹ̀gùn ilé kà bí ẹ bá ń gbé e gòkè.

Ẹ jẹ́ kí èdè kọ̀ọ̀kan ní ẹni tirẹ̀ tàbí àsìkò tirẹ̀. Ẹni tí ń tọ́jú ọmọ lọ́sàn-án ni kí ó kà ní Sípáníìṣì. Ilé-ẹ̀kọ́ yóò ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì láìbẹ̀ ẹ́. Ìdí ààrò àti ibi ìwẹ̀ ni kí ó jẹ́ ti Yorùbá. Ẹ̀yin fúnra yín ẹ má ka "one, dos, ẹ̀ta" fún un ní ìlà kan náà. Bí ọmọ bá dà wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀, kì í ṣe àìsàn. Ẹ kàn tún un kà ní èdè kan ṣoṣo, láìbá a wí. Tẹlifíṣọ̀n lè ràn yín lọ́wọ́. Ètò Sesame Street, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1969, ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní òǹkà Gẹ̀ẹ́sì àti ti Sípáníìṣì. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n kì í dúró de ọmọ tí ó fo ọsàn kan, kò sì lè sọ pé, "Fún mi ní méjì."

Ìyá àgbà tí ó wà ní òkèèrè náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Bí ọmọ bá ń fi fóònù bá a sọ̀rọ̀ tí wọ́n ń rí ojú ara wọn, ẹ bẹ ìyá pé kí ó gbé ẹyin mẹ́ta tàbí ata mẹ́ta síwájú, kí ó máa kà á, kí ọmọ máa gbè é. Iṣẹ́jú márùn-ún lójoojúmọ́ tó. Kí wọ́n dúró sórí mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó lọ sí mẹ́rin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ lè ka dé ogún lédè mìíràn. Ẹ rántí pé òǹkà kéékèèké ni ó ní láti kọ́ lọ́tọ̀ nínú èdè kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kánjú lé ogún kí ó tó pé ọdún márùn-ún. Ọgọ́rùn-ún kò ní sá lọ.

Bí ọmọ bá ti pé ọdún márùn-ún tí kò sì lè fún yín ní ohun mẹ́ta ní èdè kankan nínú èyí tí ó ń gbọ́, ẹ gbé e lọ rí dókítà, kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò pẹ̀lú. Lóṣù tí ń bọ̀, n ó dáhùn lẹ́tà àwọn tí wọ́n béèrè nípa ọmọ tí kò fẹ́ jẹ ewébẹ̀.